Ẹ Má Tíì Nu Fèrè Yẹn

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í bèèrè ẹni tó ṣe fèrè. Bí oníbàárà bá gbé àpótí kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn pé ti bàbá-ńlá òun ni, pé wọ́n ní ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, Bàbá á kàn nawọ́ gba ara fèrè náà, á gbé e súnmọ́ ẹnu, á sì mí sí i. Kì í ṣe pé ó fun ún o. Ó mí sí i ni, "hàà", èémí gbígbóná láti ọ̀nà ọ̀fun. Lẹ́yìn náà á yí i síbi ìmọ́lẹ̀, á di ojú kan, ètè rẹ̀ á máa mì wúyẹ́wúyẹ́. Nọ́ńbà ló ń kà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ó fun fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin ọlọ́pàá nílùú Èkó kí ó tó wọkọ̀ òkun wá sí London láyé ìgbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira. Níbí, ilé àtúnṣe kan gbà á sídìí tábìlì láàárín àwọn àgbà òyìnbó tí wọ́n ti ń tún fàdákà ṣe láti kékeré. Wọn kò jókòó kọ́ ọ ní nǹkan kan, ó ní. Òun kàn ń wò wọ́n lọ́wọ́ ni. Nígbà tí èmi bá a, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Camberwell, lórí tábìlì kan tó jẹ́ ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀. Ihò àgádágodo ṣì wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń ki àwọn irin kéékèèké tó fi ń tú ìdè kíì, irin tí ìka ń tẹ̀ lára fèrè, bọ̀.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni Bàbá mọ̀ tí mo lè kọ nípa rẹ̀: bó ṣe ń mú pádì tó ń dí ihò fèrè jókòó, bó ṣe ń fi orin kíkùn lásán mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Bó ṣe ń ka nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára fèrè ni mo fẹ́ kọ. Mo mọ̀ pé àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí á ní, kí ló tún wà nínú nọ́ńbà? A wò ó, a kọ ọ́, a lọ wo ọdún rẹ̀ nínú àtẹ, ó tán. Ó tán lóòótọ́, fún ẹni tí kò bìkítà bóyá ọdún fèrè ẹlòmíràn ló gbé fún oníbàárà rẹ̀.

Fèrè tí mo ń sọ ni èyí tí à ń gbé dábùú ẹnu, onífàdákà tàbí onígi, tí Theobald Boehm ará Munich tún ètò rẹ̀ ṣe ní 1832, tó sì tún un ṣe pátápátá ní 1847. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá gbà á: Louis Lot ní Paris, Rudall Carte ní London níbí, Haynes àti Powell ní Boston. Orúkọ wọn wà lára fèrè wọn, ṣùgbọ́n orúkọ kò tó. Ẹ wo ti Lot. Ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1855, ó sì fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà. Àwọn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò yí òǹtẹ̀ padà. "Louis Lot" ni wọ́n ń tẹ̀ sí i lára nígbà tí Lot fúnra rẹ̀ ti di èrò ọ̀run. Fèrè tí nọ́ńbà rẹ̀ kò kọjá nǹkan bíi 2150, ìgbà tirẹ̀ ni; èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ti àwọn àrólé ni. Orúkọ kan náà, lẹ́tà kan náà. Nọ́ńbà ló yà wọ́n sọ́tọ̀, iye owó wọn kò sì súnmọ́ra rárá.

Bàbá fẹ́ràn ìtàn nọ́ńbà 1375. Lot ṣe é ní 1869, wúrà ni látorí dẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Jean-Pierre Rampal, tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú fèrè fífun, rí i lọ́dọ̀ oníṣòwò ohun àtijọ́ kan tó fẹ́ yọ́ ọ nítorí wúrà rẹ̀. Bí Bàbá bá ti dé ibẹ̀, á fọwọ́ lu itan: "Yọ́ ọ! Kí wọ́n fi ṣe kí ni? Eyín?" Tó bá rẹ́rìn-ín tán, á ní kí n ṣírò. Láti 1855 sí 1869, ọdún mẹ́rìnlá. Fèrè 1375. Mélòó lọ́dún? Bí ọgọ́rùn-ún. Mélòó lọ́sẹ̀? Bí méjì. "Ó dáa. Wá sí ti Powell." Verne Powell bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní 1927. Nọ́ńbà 365, èyí tó fi plátínọ̀ọ̀mù ṣe, ló gbé lọ síbi ìpàtẹ àgbáyé ní New York ní 1939. William Kincaid ti Philadelphia Orchestra ló wá fun ún, wọ́n sì tà á ní gbàǹjo Christie's ní 1986 ní 187,000 dọ́là. Ọdún méjìlá, fèrè kò sì tíì pé irinwó. Kò tó ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Bàbá ò nífẹ̀ẹ́ sí dọ́là yẹn. Ohun tó fẹ́ kó wọ̀ mí lórí ni pé nọ́ńbà jẹ́ ipò lórí ìlà, àti pé ẹni tó bá mọ bí ìlà náà ṣe ń rìn lè fojú bu ọdún kí ó tó ṣí ìwé kankan. Àfi kó rántí pé àwọn kan kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí 1. Ta ló fẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé òun ló ra àkọ́kọ́?

Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣirò yìí, orí nọ́ńbà tí a kà dáadáa ló dúró lé. Kíkà náà sì niṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èémí. Ọ̀pá fàdákà tí wọ́n ti ń dán fún ọgọ́rin ọdún kì í fi nọ́ńbà rẹ̀ han ẹni tó bá kàn wò ó lásán. Ohun tó kù kò ju àjẹkù lọ: ẹsẹ̀ 7 kan níhìn-ín, ikùn 5 kan lọ́hùn-ún. Àmọ́ kòtò náà ṣì wà níbẹ̀, bó ti wù kó fẹ́lẹ́ tó. Bí èémí bá kan fàdákà tútù, ìrì á bò ó. Ibi tó tẹ́jú ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Inú kòtò máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta yẹn, nọ́ńbà á yọjú, á sì tún wọlẹ̀. Ẹni tí kò bá ti gbé ojú síbẹ̀ kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, kò ní rí i. Bàbá kì í jẹ́ kí n ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èémí kan, ẹyọ kan. Mí, wo ti àkọ́kọ́, kọ ọ́. Mí, wo ìkejì, kọ ọ́. Tó bá parí, á ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, torí ojú ènìyàn máa ń sáré parí ohun tó bá ti rò pé òun mọ̀.

Fàdákà gbọ́dọ̀ tutù. Nígbà òtútù, kò sí wàhálà. Ojú fèrèsé Camberwell tó. Nígbà ooru, Bàbá máa ń tú gbogbo kíì kúrò lára ọ̀pá, á wé ọ̀pá náà sínú ọ̀rá, á sì kì í sínú fíríìjì, láàárín ata lílọ̀ àti ẹja. Màmá, ìyàwó rẹ̀, kì í dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. "Ṣé ẹ tún ti gbé irin yín sídìí ọbẹ̀ mi?" Bàbá á ní, "Ẹ má bínú, kò ní pẹ́." Kì í ṣe onígi o. Igi á là, ẹjọ́ rẹ̀ á sì di ti ẹni tó gbé e síbẹ̀. Àwọn tó ń fi ooru omi kẹ́tùlù dípò èémí, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wá. Omi á ṣàn, kòtò á kún, ojú ò ní rí nǹkan kan.

Lẹ́yìn èémí ni ìmọ́lẹ̀. Iná òkè kì í ran nọ́ńbà lọ́wọ́, ńṣe ló ń pa á rẹ́. Tọ́ọ̀ṣì kékeré ni Bàbá máa ń fi lélẹ̀ sórí tábìlì, tí iná rẹ̀ á máa rá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, kó lè jẹ́ pé gbogbo kòtò tó bá wà ní òjìji. Ọ̀pá ló ń yí, kì í yí tọ́ọ̀ṣì. Ó ní bí nǹkan méjì bá ń rìn, ojú ò ní mọ èyí tó ń tẹ̀ lé. Èyí tó tún dára ju tọ́ọ̀ṣì lọ ni oòrùn oṣù Kejìlá ní London, tí kì í gòkè rárá, tó ń gba ojú fèrèsé wọlé gbọọrọ. Ní irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ Bàbá kì í gba iṣẹ́ mìíràn. Gbogbo fèrè tí nọ́ńbà rẹ̀ ti ń dà á láàmú láti ìgbà ooru ló máa kó jáde. Rédíò á wà ní títàn, yóò máa bá agbóhùnsáfẹ́fẹ́ jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa yí ọ̀pá díẹ̀díẹ̀. Mo ti rí i kó dákẹ́ láàárín gbólóhùn, kó ní, "Méje ni. Mo wí fún ọ," kó sì padà sórí bọ́ọ̀lù.

Pépà ló tẹ̀ lé e, pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn amusìgá fi ń wé tábà. Bàbá ò mu sìgá rí, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ rà á, ńṣe ló máa ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọmọ tó ń tajà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Á tẹ́ pépà náà lé ojú nọ́ńbà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kó má baà yẹ̀, á sì fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsùlù rírọ̀ ra á kọjá lẹ́ẹ̀kan, láti òkè fèrè sísàlẹ̀. Á mú pépà mìíràn, á ra ìyẹn ní ìbú. Lẹ́yìn náà á gbé méjèèjì léra, á nà wọ́n sójú fèrèsé. Ìlà tó bá yọ lára méjèèjì, a lè gbà á gbọ́. Èyí tó bá yọ lára ọ̀kan ṣoṣo, àpá lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà: ti aṣọ ìnufèrè, tàbí ti òrùka ọwọ́ ẹni tó ń fun ún.

Gbogbo èyí, ojú àti ọwọ́ ni. Ibi tí orí ti wọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ dúró lé.

Ní àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́, irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ẹyọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, òòlù ni wọ́n sì fi ń lù ú, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà àtijọ́ kì í fi í tò gẹlẹ́. 2 á ga díẹ̀, 1 á sún mọ́ ọn jù. Irin inú àpò kan, mẹ́sàn-án ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe mẹ́wàá, torí 6 náà ló ń dorí kodò tó ń di 9. Bí irin 6 bá kán níbì kan lókè, 9 á fi ibi kíkán yẹn hàn nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti rí fèrè méjì mẹ́ta láti inú àpò irin kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìdílé wọn. Bàbá ní a ò gbọdọ̀ ka nọ́ńbà bí ẹni ka ìwé. Bí a ti ń wo ilà ojú ni ká máa wò ó, ká kọ́kọ́ mọ ọwọ́ olóòlà kí a tó máa sọ ìlú.

Ọwọ́ tó mú òòlù kì í sì í tọ́ bákan náà. Ti ẹlòmíràn a máa tẹ̀ sọ́tùn-ún, gbogbo ẹyọ tó bá lù á jìn lápá ọ̀tún, á fẹ́lẹ́ lápá òsì. Ibi tó fẹ́lẹ́ ni ìdán máa ń kọ́kọ́ jẹ. Irú 8 bẹ́ẹ̀, bó bá pẹ́, apá òsì rẹ̀ á pòórá, á sì jókòó síwájú yín pẹ̀lú ìgboyà, á ní 3 lòun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ẹ lè fi wò ó, 3 lẹ óò máa rí. "Bi àwọn aládùúgbò rẹ̀," Bàbá máa ń wí. Bí 4 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá ní ẹsẹ̀ ọ̀tún tó jìn, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ẹ má fọkàn tán 3 yẹn. Bí 4 náà bá jìn dọ́gba, a jẹ́ pé 3 ní ẹjọ́ tó lè rò.

Ẹ̀rí kejì wà lẹ́nu 3 fúnra rẹ̀. 3 tòótọ́ ní ìparí. Níbi tí ìlà rẹ̀ ti dáwọ́ dúró lókè àti nísàlẹ̀, ó sábà máa ń nípọn díẹ̀, bí ẹni tó gbẹ́ irin náà ṣe fi í sí. 8 tí ìdán gé ní ààbọ̀ kò ní irú rẹ̀. Ńṣe ni ìlà rẹ̀ á máa fẹ́lẹ́, á máa fẹ́lẹ́, títí tó fi tán. Ojú kì í tètè rí ìyàtọ̀ yìí. Èékánná ló ń rí i. Bàbá máa ń fi èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ wọ́ ojú ọ̀pá lọ láti òsì sí ọ̀tún, jẹ́jẹ́. Bó bá kan etí tó mú ṣánṣán, ìparí ni. Bó bá kàn yọ̀ wọlé láìsí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan ti wà níbẹ̀ rí. Ó mú mi ṣe é ní ọ̀sán kan pẹ̀lú ojú dídì, aṣọ ìnuwọ́ Màmá ni wọ́n fi so ó fún mi, aṣọ náà sì ń rùn àlùbọ́sà. Ọ̀pá lẹ́yìn ọ̀pá ló ń kì bọ̀ mí lọ́wọ́. "Kí lo rí?" Mo ní mi ò rí nǹkan kan, ẹ ti dì mí lójú. "Mo ní kí lo rí?" Ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú ni èékánná mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ etí 3 kan, inú Bàbá sì dùn débi pé ó gbàgbé láti tú aṣọ náà.

Ásíìdì wà tí àwọn ọlọ́pàá fi ń ṣí nọ́ńbà ìbọn tí olè ti họ. Ó ń ṣiṣẹ́: irin tí òòlù ti kì mọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí òòlù kò kàn, kódà bí kòtò orí rẹ̀ bá ti tán, ásíìdì á jẹ ọ̀kan ju èkejì lọ. Mo dábàá rẹ̀ fún Bàbá. Ó wò mí tìtì. Ara fèrè kò nípọn tó ìdajì mìlímítà. "Ìbọn nìyẹn," ó ní. "Èyí, ènìyàn ṣì fẹ́ gbé e sẹ́nu."

Fàdákà tí wọ́n gbé lọ fún àyẹ̀wò tí òfin béèrè ní London ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀: kìnnìún tó ń rìn, orí ẹkùn, àti lẹ́tà ọdún. Kó tó di 1975, láti A dé U ni lẹ́tà náà, láìsí J, ogún lẹ́tà fún ogún ọdún, kí wọ́n tó pa àwòrán lẹ́tà dà. 1896 ní a kékeré, 1916 ní a kékeré mìíràn tó rí bíi ti Bíbélì àtijọ́, 1936 ní A ńlá. Bí orí Ọbabìnrin Victoria bá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò lè kọjá 1890, torí ọdún náà ni wọ́n pa owó orí fàdákà rẹ́. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni fún nọ́ńbà tó ti sọnù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n yẹ fàdákà wò ni lẹ́tà yẹn ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí fèrè parí, kò sì sọ ohunkóhun nípa orí fèrè, apá tí à ń gbé sẹ́nu, tó lè ti ibòmíràn wá. Orí ló máa ń kọ́kọ́ ṣí kúrò nílé. Afunfèrè tí ohùn orí rẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn á ra orí mìíràn, àpótí á gba méjèèjì, àwọn ọmọ á jogún wọn gẹ́gẹ́ bí fèrè kan. Nítorí náà Bàbá máa ń ka orí, ara àti ẹsẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lórí ìwé mẹ́ta, kí ó tó jẹ́ kí wọ́n pàdé.

Ká wá sórí àwọn tí ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹni tó ń ta ohun àtijọ́ á rí fèrè tó ti dúdú, á gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ ìdán tó ń yí fìì, á fi ṣe nǹkan dídán tó lè gbé sójú wíńdò. Ó dán lóòótọ́. Nọ́ńbà ti lọ, òǹtẹ̀ ti lọ, etí ihò tí ọ̀gá kan fi ọwọ́ fá ti yípo. Dúdú inú kòtò náà wà níbẹ̀ láti ràn wá lọ́wọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló ń fi nọ́ńbà hàn láìsí èémí láìsí tọ́ọ̀ṣì. Fífọ̀ ló kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ dànù. Òun kan náà ló máa wá ṣí àtẹ ọdún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹnì kan dà kọ lára ẹnì kan tí òun náà dà á kọ, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ fojú kan ìwé ilé iṣẹ́. Á ka ohun tó kù lára nọ́ńbà, á fi ìméfò dí àlàfo, á lẹ ọdún mọ́ àpótí: "1920". Gbogbo fèrè tó wà lọ́wọ́ wọn, 1920 ni. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn, ó dà bí ẹni.

Àwọn fèrè olówó pọ́ọ́kú aláwọ̀ búlúù àti píǹkì tí àwọn òbí ń rà fún ọmọ nísinsìnyí, mi ò ní sọ púpọ̀ lórí wọn. Kíì wọn rọ̀ jù, pádì wọn á wú láàárín sáà ẹ̀kọ́ kan. Ti nọ́ńbà wọn ni ká sọ. Iná ni wọ́n fi kọ ọ́ sójú ọ̀dà lásán, gbogbo rẹ̀ tò gẹlẹ́, kò sí ọwọ́ ẹnì kankan nínú rẹ̀, bí ọ̀dà bá sì ti bó, nọ́ńbà bá a lọ. Òmíràn ò tilẹ̀ ní. Fèrè tí ẹni tó ṣe é ò ka iye rẹ̀, kí ni kí èmi kà lára rẹ̀?

Lẹ́yìn tí Bàbá ti kú ni ìyá kan gbé fèrè onígi wá bá mi ní Peckham, Rudall Carte, ó ní ẹ̀gbọ́n òun rà á ní ọjà ohun àtijọ́ kí ó tó padà sí Abẹ́òkúta. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti fẹ́ máa fun ún. "Ẹ kàn bá mi ṣe é kó dùn, bùọ̀dá. Tí mo bá bá wọn fun ún, wọ́n ní mò ń lọ sókè jù." Ẹni tó tà á ti lẹ ọdún mọ́ àpótí, ẹ̀yin náà mọ ọdún tó jẹ́. Lára igi, èémí kì í ṣiṣẹ́. Páúdà ọmọdé ni mo fi ra ojú nọ́ńbà, mo nu òkè rẹ̀ kúrò, ẹyọ mẹ́rin yọ funfun. Ìkejì wọn ni 3, tàbí 8. Mo bi àwọn aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, díẹ̀ tí kò tó fi búra. Èékánná gbà pẹ̀lú 8. Ojú kọ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ Rudall Carte wà ní Horniman Museum ní Forest Hill. Frederick Horniman, oníṣòwò tíì, ló dá ilé náà sílẹ̀; lọ́dún 2004, àkójọ ohun èlò orin ilé iṣẹ́ Boosey & Hawkes náà bá wọn níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì 176 láti Camberwell á já yín sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí pépà, mo gbé wọn lọ. Lójú ìlà tí 3 tọ́ka sí, fèrè onífàdákà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lójú ìlà 8, fèrè onígi, ètò Boehm. Fàdákà kì í di igi. Bí mo ṣe ń padà bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni mò ń rò ó pé ká ní Bàbá wà, kì bá tí gbà pé ìwé ló yanjú rẹ̀. Á ní èékánná ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìlà kan náà nínú ìwé yẹn tún ṣàlàyé ìdí tí fèrè náà fi ń lọ sókè jù. Ní 1896 àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá London sọ ohùn A wọn kalẹ̀ sí nǹkan bíi 439 hertz, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ológun àti ẹgbẹ́ onífèrè idẹ di ti àtijọ́ mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan bíi 452. Àwọn ilé iṣẹ́ fèrè ń ṣe irú méjèèjì fún ẹni tó bá fẹ́. Ti ìyá yìí, ti ohùn òkè ni. Láti 440 tó wọ́pọ̀ lágbàáyé báyìí, ó fi bí ìdajì ìdajì ohùn ga. Fífa orí jáde kò lè tún un ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nìyẹn. Ihò ara rẹ̀ ti wà níbi tí ohùn òkè fẹ́ kí wọ́n wà, bí orí bá jáde tó bẹ́ẹ̀, ohùn kan á bọ́ sípò, méje á ṣìnà. Ẹnì kan ti bá a dábàá pé kí wọ́n ṣe orí gígùn sí i. Mo ní kó má dán an wò.

Mo tún pádì rẹ̀ ṣe, mo fi òróró kan igi rẹ̀, mo sì ní kó bá ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀, pé kó wá ibi tí wọ́n ti ń yí A padà nínú ẹ̀rọ náà, kó gbé e sí 452 ní ọjọ́ tí ìyá bá fẹ́ fun fèrè. Kíbọ́ọ̀dù gbà. Onígìtá náà gbà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àròyé, ó ń yí okùn rẹ̀ ó ń kùn. Onísaksofóònù ni kò gbà rárá. Ó ní kí wọ́n lọ ra fèrè tuntun fún ìyá.